Ọ̀pá Tí A Kì Í Ṣe Fún Ara Ẹni

Ọkùnrin tó bá wọ ilé iṣẹ́ wa, níbi tá a ti ń ṣe ọ̀pá sínúkà tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, tó sì lọ tààrà síbi èyí tó wúwo jù lọ, mo ti mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Mo máa ń bi irú wọn bóyá bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ gbá tàbí ejò ni wọ́n fẹ́ pa. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á bínú, ṣùgbọ́n bó ti wù kí wọ́n bínú tó, ọ̀pá tí mo bá fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń gbé lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọ̀pá kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Èyí tó bá fúyẹ́ jù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni, èyí tó bá wúwo jù á máa ti ọwọ́ síwájú kí ọwọ́ tó ṣetán. Ọ̀pá tó dáa ni èyí tó jẹ́ pé bó o bá gbé e, kò ní pẹ́ tí wàá fi gbàgbé pé o gbé nǹkan kan.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ o. Ibi tí ìwọ̀n yẹn jókòó sí nínú ọ̀pá ló ṣòro. Ọ̀pá méjì lè dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, kí ọ̀kan máa tẹ orí ba bí ẹni tó ń tòògbé, kí èkejì sì máa fi ìdí jókòó bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Orí ìka la fi ń mọ̀ ọ́n. A ó gbé ọ̀pá lé ìka kan ṣoṣo, a ó máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́, a ó wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Bí àmì yẹn kò bá bá apá ẹni tó fẹ́ lò ó mu, a ó tú ìdí ọ̀pá, a ó yí bóòtù irin tó ń fún un ní ìwọ̀n nínú rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, a ó sì tún gbé e lé ìka. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún ẹni tó mọ ẹni tó ń ṣe é fún. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, títí ayé ni.

Nítorí ìyẹn ni ilé iṣẹ́ wa fi ní òfin. Ẹni tí yóò lo ọ̀pá gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó dúró ti tábìlì tó wà láàárín yàrá, kó gbá bọ́ọ̀lù lójú wa. Bí ẹnì kan bá ń ra ọ̀pá fún ẹlòmíràn tí kò lè wá, òun ni yóò dúró bí onítọ̀hún ṣe máa ń dúró: bó ṣe ń tẹ̀, ibi tó ń di ọ̀pá mú, bó ṣe ń mí. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, a ó ní kó padà lọ wo ẹni rẹ̀ dáadáa. Ìyá kan wá ra ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Bó ṣe dúró báyìí, tó gbé àgbọ̀n sókè, tó ti ìbàdí sẹ́yìn, àfi bíi pé ọmọ náà ló wọlé tọ̀ wá wá.

Òfin kejì ni pé ẹni tó ń ṣe ọ̀pá kì í ṣe ti ara rẹ̀. Bàbá mi ní ojú ẹni kì í wọn ara ẹni. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wọlé bí oníbàárà, kó ní òun fẹ́ ọ̀pá fún ọ, kó sì dúró bíi tìẹ. Bí ìyá mi ṣe ní tiẹ̀ nìyẹn. Bàbá ìyá mi ló ni ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ìyá mi ń bá a ṣiṣẹ́, bàbá mi sì jẹ́ káfíńtà tó ń kó igi wá fún wọn. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, kò gbé igi dání, ó ní òun fẹ́ ọ̀pá kan. Wọ́n bi í pé ta ni yóò lò ó. Ó lọ síbi tábìlì, ó sì dúró bí ìyá mi ṣe máa ń dúró, títí kan bó ṣe máa ń ká ètè sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ohun tó wá ṣe. Ìyá mi ti kú báyìí. Ọ̀pá náà ṣì wà lára ògiri, a kì í sì fọwọ́ kàn án àfi tá a bá fẹ́ nu eruku rẹ̀.

Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ má baà pè mí ní òmùgọ̀.

Ẹni tí mò ń retí pé yóò wá dúró bíi tèmi ni ọkùnrin kan tó ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì sínúkà. Iṣẹ́ tiwa àti tiẹ̀ kò jìnnà síra wọn. Bí ilé ìgbafẹ́ kan bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ tábìlì, ọ̀pá wọn náà á ti nílò àtúnṣe, èmi àti ẹ̀ la sì jọ máa ń lọ. Ó ti ń bá mi bọ̀ ọjọ́ pẹ́. Oúnjẹ tó ti jẹ nílé wa ju èyí tó jẹ nílé ìyá tiẹ̀ lọ. Ó ti sọ fún bàbá mi pé òun yóò mú àwọn ẹbí òun wá. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ọkọ Ìyàwó, bó bá sì ti ń bọ̀ lókèèrè, àwọn ọmọdé á ti máa ké lójú fèrèsé wa pé Ọkọ Ìyàwó dé o. Màá bú wọn dáadáa, inú mi á sì máa dùn.

Gbogbo tábìlì tó bá tẹ́ aṣọ lé, èmi ni mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lórí ẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi dáa. Òun á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ á dọ́gba pẹ̀lú aṣọ, èmi á gbá bọ́ọ̀lù, òun á sì máa wò ó bó ṣe ń yí lọ, bóyá aṣọ rẹ̀ hunjọ níbì kan. Bí kò bá hunjọ, á dìde, á fọwọ́ lé mi léjìká. Ohun tó ń múnú mi dùn nìyẹn, mi ò ní purọ́.

Òwúrọ̀ ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Mò ń fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ mọ́ ẹnu ọ̀pá kan. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń ràn sí i lẹ́sẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò ríran dáadáa mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ti di tèmi nìkan, ẹnu ló kù tó fi ń bá mi ṣe é. Ọkọ Ìyàwó wọlé, kò bá mi ṣàwàdà bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀wù tó mọ́ ló wọ̀. Ó kí bàbá mi, ó wá dúró níwájú tábìlì iṣẹ́ mi bí oníbàárà, ó ní, "Mo fẹ́ kó o bá mi ṣe ọ̀pá kan."

Mo bi í pé ta ni yóò lò ó. Ó ní kí n má tíì béèrè orúkọ.

Ọkàn mi fò sókè. Bàbá mi náà gbọ́. Ó wúkọ́ tí kò ní ikọ́ nínú, ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ na ẹsẹ̀, ó sì fi ilé sílẹ̀ fún wa. Mo wo ọ̀pá ìyá mi lára ògiri. Mo ti sọ ìtàn ọ̀pá yẹn fún ọkùnrin yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, bí ẹni tó fọwọ́ bo ojú tó sì ń yọjú láàárín ìka.

Mo to ọ̀pá mẹ́ta síwájú rẹ̀, èyí tó wúwo, èyí tó wà láàárín, èyí tó fúyẹ́, mo ní kó mú ìwọ̀n tó fẹ́. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ojú. Ó ní èyí tó fúyẹ́ ni, torí èjìká onítọ̀hún máa ń ro ó bó bá gbá bọ́ọ̀lù pẹ́. Èjìká tèmi náà ro mí nígbà òjò tó kọjá, òun gan-an ló bá mi fi ìpara ra á. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹ wo ọkùnrin tó ń rántí èjìká èèyàn.

"Ó yá," mo ní, "dúró bí ẹni náà."

Ó lọ síbi tábìlì. Kó tó tẹ̀, ó fi ìka ti ohun kan tí kò sí lórí rẹ̀ lọ sẹ́yìn etí, bí obìnrin tó ń ti etí ìbòrí rẹ̀ kúrò lójú. Ó ti hàn pé obìnrin ni. Èmi náà kì í ṣiṣẹ́ láì wé ìbòrí, nítorí eruku igi. Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

Ó wá ya ẹsẹ̀. Ó yà á gan-an, bí ẹni tó ga tó ń wá bí yóò ṣe rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ dé ojú tábìlì. Èmi kò ga, ìdajì mi ni tábìlì máa ń gbé mì. Mo ní bóyá ẹsẹ̀ tiẹ̀ ló gùn tí kò mọ bí yóò ṣe ká a. Ó di ọ̀pá mú lápá ìdí pátápátá, bí ẹni tí apá rẹ̀ gùn. Mo ní apá tiẹ̀ náà ni. Kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan báyìí tí imú nìkan gbọ́. Èmi kì í rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì. Bàbá mi ní mo máa ń wo bọ́ọ̀lù bíi pé ó bú ìyá mi. Mo ní bóyá ìdùnnú ló ń pa á. Gbogbo àwíjàre tó wà láyé ni mo bá a wá.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbá a.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, láti kékeré ni. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, àwọn ará àdúgbò sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá sọnù, mo gbé nìyẹn, mi ò ní rí ọwọ́ fi júwe ilé. Òsì ni mo fi ń fá igi, òsì ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, bákan náà la ń ṣe é. Bóyá ìyẹn ni kò fi kà á sí. Mo tún fẹ́ bá a wá àwíjàre sí ìyẹn náà, mo ní ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni òun, báwo ni yóò ṣe fi òsì gbá bọ́ọ̀lù?

Nígbà náà ni mo wo ojú rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Ó ń rí ẹni náà bó ṣe dúró, ó mọ ibi tí èémí rẹ̀ ń já sí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ojú ẹni tó délé. Kò fi ojú yẹn wò mí rí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" mo ní.

Ó nàró. Ó ní kí ni mo wí.

"Báwo lèmi ṣe máa ń dúró? Dúró bíi tèmi, kí n rí i."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà ni mò ń ṣe. Mo ní mi ò ṣàwàdà. Ó tún tẹ̀ lórí tábìlì. Ó ya ẹsẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ya ẹsẹ̀, ó di ọ̀pá mú níbi tí gbogbo èèyàn ń dì í mú. Ọwọ́ ọ̀tún. Ó wá gbójú sókè wò mí, bí ọmọ ilé ìwé tó ń wo ojú tíṣà bóyá òun gbà á. Gbogbo tábìlì tá a ti jọ dúró tì, gbogbo bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo gbá lórí wọn, aṣọ rẹ̀ ló ń wò.

Ó rí i lójú mi pé òun kò gbà á. Ó rọra gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó ní òun ti ń fẹ́ sọ fún mi, òun kò mọ ibi tí òun yóò ti mú un. Obìnrin náà ń gbá sínúkà ní ilé ìgbafẹ́ kan lódìkejì odò. Ibẹ̀ ló ti lọ tẹ́ aṣọ nígbà òjò, nígbà tí èjìká ń dà mí láàmú tí mi ò lè bá a lọ. Ó ní òun rò pé mo ti fura. Ó bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí tán, mo wá bi í pé nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe ọ̀pá láyé yìí, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ló wá.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó ẹ," ó ní. "Mi ò sì fẹ́ fún un ní èyí tí ò dáa."

Wọ́n ti bú mi rí láyé mi, dáadáa sì ni. Kò sí èébú tó dùn mí tó ìyìn yẹn. Mo ní kó padà wá mú un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó bínú débi tí ọ̀pá ìtìlẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n lọ dá ọkùnrin náà lóhùn pé ká má rí i níbí mọ́, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá. Mo ní obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí, igi náà kò sì ṣẹ̀ mí. Irọ́ ni mo pa. Mo ń bínú sí obìnrin náà, mo ń bínú sí igi náà, mo ń bínú sí àwọn ọmọ tó ń ké lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó wá di pé nǹkan kan wà tí mi ò lè ṣe.

Bí mo ṣe ń fá igi náà ni mò ń mọ obìnrin yẹn sí i. Apá rẹ̀ gùn, nítorí náà ibi ìdúró ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn kó má baà máa fa èjìká rẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí bọ́ọ̀lù kó tó gbá a, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í fi ipá ṣe nǹkan, nítorí náà ọ̀pá rẹ̀ kò nílò agbára lápá orí. Mo rí i pé ká ní òun fúnra rẹ̀ ló wọlé wá ra ọ̀pá, ǹ bá fẹ́ràn rẹ̀. À bá jọ fi àwọn apejò tó ń wá ọ̀pá tó wúwo jù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi tá a sá, mi ò sì mọ ohun tí mo lọ wá níbẹ̀.

Nígbà tó ku bóòtù ìdí rẹ̀, èrò burúkú kan wọ̀ mí lọ́kàn. Bí mo bá yí bóòtù yẹn síwájú díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, ọ̀pá náà yóò máa tẹ orí ba bó bá ku díẹ̀ kó kan bọ́ọ̀lù. Obìnrin náà yóò máa tàsé, kò sì ní mọ̀dí rẹ̀ láé. Yóò rò pé ọwọ́ òun ló bàjẹ́. Mo yí i. Mo gbé ọ̀pá lé ìka, orí rẹ̀ tẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, mo tún tú u, mo yí bóòtù padà síbi tó yẹ, mo gbé e lé ìka. Ó dúró jẹ́ẹ́. Mi ò ṣe ọ̀pá tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kí mi kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó wá mú un, ọwọ́ òsì ni mo fi nà án sí i. Ẹni tí wọ́n bá fi ọwọ́ òsì fún ní nǹkan, bí kò bá bínú, á wo ọwọ́ náà ó kéré tán. Kò wò ó. Ó gbé ọ̀pá lé ìka, ó rí bó ṣe dúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní Ọlọ́run yóò fún mi ní tèmi. Mo ní àmín, torí kí ni mo tún fẹ́ sọ. Àwọn ọmọdé tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan ń ké lójú fèrèsé bó ṣe ń jáde pé Ọkọ Ìyàwó ń lọ o. Mi ò bú wọn.

Mi ò sunkún. Ẹni tó bá béèrè bí mo ṣe wà, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Bàbá mi kò béèrè. Ó kàn ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi etí wò mí.

Ó ṣe díẹ̀ sígbà yẹn, ní òwúrọ̀ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́. Mo ní kó wọlé. Bàbá mi ni. Ó dé fìlà tó fi ń jáde. Ó dúró níwájú tábìlì iṣẹ́ mi, ó kí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pá kan ni mo fẹ́."

Mo rò pé ogbó ti wọ̀ ọ́ lórí. Mo ní Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe bàbá ẹnì kankan níbí, oníbàárà ni òun, kí n bi òun ní ohun tí wọ́n ń bi oníbàárà. Mo bá bi í pé ta ni yóò lò ó.

Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ ti ògiri lábẹ́ ọ̀pá ìyá mi, ó ń fọwọ́ wá tábìlì títí ó fi kan etí rẹ̀. Ó mú ọ̀pá kan nílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi mú un. Ó tẹ̀, gbogbo eegun rẹ̀ ń dún. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún gbéra nílẹ̀, ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀ bí ẹni tí tábìlì ga jù fún. Ó gbé èjìká òsì sókè díẹ̀, ó yọ ahọ́n sí igun ẹnu, ó dá èémí dúró. Ó wá fajú ro sí bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ kò rí dáadáa, bíi pé bọ́ọ̀lù náà bú ìyá rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé mo máa ń yọ ahọ́n. Mi ò mọ̀ nípa gìgísẹ̀. Ojú tó ń ṣú yẹn ló ti rí gbogbo ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹkún tí mo ti ń gbé kiri ti já. Mo sunkún Ọkọ Ìyàwó, mo sunkún ìyá mi, mo sunkún nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tó lè dúró bíi tèmi láyé yìí ni àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n yìí, bó bá sì lọ, kò tún sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Bàbá mi kò yíjú padà. Ó wà lórí tábìlì bó ṣe wà.

"Ìyá mi," ó ní, "wọ̀n mí ná. Orúnkún yìí ò ní pẹ́ yẹ̀."

Mo nu ojú. Mo mú téèpù, mo wọn apá òsì rẹ̀ láti ìgúnpá dé ibi tí ìka rẹ̀ ti ká mọ́ igi. Mo bi í pé ìwọ̀n wo ló fẹ́. Ó ní èyí tó wà láàárín ni, torí ọmọ náà lágbára ju bó ṣe rò lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó di ọ̀pá mú. Mo ti wọ̀n ọ́n tán, kò sí nǹkan kan tó kù láti wọ̀n, ṣùgbọ́n mo ní kó má tíì nàró.